Ejẹ́ǹtì AI wọ inú kóòdù àjọ, ó sọnù síbẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Yewa (Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Áàpù àjọ ni ilé iṣẹ́ tí mo wà ń ṣe, ní Èkó níbí. Alájọ á lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lójoojúmọ́, á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, kádì oníbàárà á sì máa kún lójú fóònù bó ṣe ń kún lórí páálí láyé àtijọ́. Kóòdù náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Èdè kọ̀ǹpútà Python ni wọ́n fi kọ ọ́, fáìlì inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, àwọn tó sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Oníbàárà kan wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n yọ owó alájọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ̀ pé nínú àjọ ojoojúmọ́, alájọ ló ni owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lóòjọ́ fún ọjọ́ 31, ₦15,500 ló dá, ₦15,000 ni yóò kó. Obìnrin yìí kó àjọ rẹ̀ láàárín oṣù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ lórí kádì kan náà, kọ̀ǹpútà sì tún mú ₦500 mìíràn.

Mo ní kí ejẹ́ǹtì AI tí à ń lò (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, tó sì ń tún un kọ fúnra rẹ̀) lọ wá ibi tí a ti ń yọ owó iṣẹ́, kó tún un ṣe. Ó fi grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, wá "fee". Ó rí fódà kan tí wọ́n pè ní fees, ó kó sínú rẹ̀, ó tún kóòdù tí kò ṣàìsàn ṣe, ó ní òun ti ṣe tẹ́ẹ̀sì, gbogbo tẹ́ẹ̀sì sì yege. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ kà á ni mo rí i pé owó tírànsífà báǹkì ló wà nínú fees! Owó alájọ wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ day_one.py, nínú fódà jobs, kò sì sí "fee" níbì kankan nínú rẹ̀.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń ṣe irinṣẹ́ tí ejẹ́ǹtì fi ń wo kóòdù ní ẹ̀ka-ẹ̀ka òwò, dípò fódà-fódà. Ta ló ti ṣe é? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí ariwo lásán ni?

Grep_Ti_Tó (9:05 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ariwo ni. grep ti wà láti ọdún 1973, ripgrep, àbúrò rẹ̀ tó yára, sì ń ka gbogbo repo (àpò kóòdù) yín kí ẹ tó sín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi rán an ni kò dára. Ká ní ẹ sọ fún un pé "owó ọjọ́ àkọ́kọ́", ó máa rí i. Irinṣẹ́ tuntun, ìtọ́jú tuntun. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Dev (9:52 àárọ̀)

Ọmọ_Yewa, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí. Àbúrò Grep_Ti_Tó, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó fi wá a, kí ló tún fẹ́ fi ejẹ́ǹtì ṣe? Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kò mọ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń to kóòdù. Fódà models níbí, views lọ́hùn-ún, jobs, utils. Ohun tí nǹkan fi jọra la fi ń tò ó, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe. Ó dà bí ilé tí wọ́n kó gbogbo irin sí yàrá kan, gbogbo igi sí òmíràn, gbogbo ohun jíjẹ sí ẹ̀kẹta. Àlejò dé, ẹ ní kó lọ kó ohun ọbẹ̀ wá. Ìkòkò wà níbi irin, orógùn wà níbi igi, tàtàṣé wà níbi ohun jíjẹ. Kò sí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kọ "ọbẹ̀" sí lára. Onílé ò ṣìnà, torí ó ti ń se ọbẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ejẹ́ǹtì ní tiẹ̀, àlejò ni lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti pa ojú ìwé àná dé, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé yín ti bá a lọ.

Ohun tí mo ṣe kò le. Fáìlì kan ṣoṣo ni, YAML lásán (ọ̀rọ̀ tí a tò ní ìlà-ìlà tí èèyàn àti ẹ̀rọ jọ lè kà), tó wà nínú repo fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kọ́kọ́ ṣí kóòdù o. Mo lọ jókòó ti àwọn tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà fún ọjọ́ méjì, mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fara pamọ́ sí nínú kóòdù. Tìrẹ lè rí báyìí:

ẹ̀ka: owo-alajo
ohun tó jẹ́: owó ọjọ́ kan tí alájọ ń mú lórí kádì kan lóṣù
orúkọ rẹ̀ nínú kóòdù: day_one, first_day, commission
ẹnu ọ̀nà: jobs/day_one.py, api/cards.py
tébù: cards, collector_earnings
má fi wé: fees/ (owó tírànsífà báǹkì nìyẹn)

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí o mú ní dandan. Gbogbo ìlà yòókù ń sọ ibi tí ejẹ́ǹtì yóò lọ. "Má fi wé" ló ń sọ ibi tí kò gbọdọ̀ yà sí. Ní tèmi, ó ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ju ìyókù lọ, torí ejẹ́ǹtì kì í sọ pé òun ò rí nǹkan. Ohun tó bá jọ ọ́ ló máa mú wá fún ọ, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Eric Evans, tó kọ ìwé Domain-Driven Design, ti ń wí i láti ọdún 2003 pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò àti ọ̀rọ̀ inú kóòdù jẹ́ ọ̀kan náà, àti pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì ní agbo méjì, kí a pààlà sáàárín wọn. Nígbà yẹn, nítorí àwa èèyàn ló ṣe ń sọ ọ́. A ò gbọ́. Ẹ̀rọ ló wá fi dandan lé e báyìí.

Ọmọ_Yewa (10:10 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì. Ìbéèrè kan: ẹ̀ka mélòó ló yẹ kí n ní? Mo ti kọ mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ báyìí, orí ti ń fọ́ mi.

Ìyá_Ìbejì_Dev (10:14 àárọ̀)

Hà! Mẹ́tàlélógójì kẹ̀? Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́jọ. Àwọn èyí tí ẹ̀sùn ti ń wá jù ni kí o kọ́kọ́ mú. Ìyókù lè dúró.

Ọ̀gá_Tébù (11:30 àárọ̀)

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ dátábéèsì ni mo ń ṣe láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, nítorí náà ẹ mọ ibi tí mo máa gbà wọlé.

Ọmọ mi, látorí tébù dátábéèsì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fódà lè parọ́, orúkọ function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) lè parọ́, ṣùgbọ́n owó gbọ́dọ̀ sùn síbì kan. Béèrè pé: tébù wo ni ₦500 yẹn wọ̀ nígbà tó kúrò lórí kádì? Ta ló ń kọ nǹkan sínú tébù náà? Gbogbo ẹni tó bá ń kọ síbẹ̀ ni kí o to orúkọ wọn sábẹ́ ẹ̀ka yẹn. Ẹni tó kàn ń kà á kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ẹ tún yẹ trigger wò àti stored procedure. Kóòdù ni wọ́n, ṣùgbọ́n inú dátábéèsì ni wọ́n ń gbé: trigger máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí tébù bá yí padà, stored procedure ń dúró de ẹni tó máa pè é. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kó wọn wá sínú repo, ejẹ́ǹtì yín ò lè rí wọn láéláé, grep náà ò sì lè rí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni cron (iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe ní aago tí a dá fún un) tí ẹnì kan kọ sórí sáfà lóru, tó lọ sílé, tó gbàgbé rẹ̀.

Ohun kejì. Ọ̀nà nìkan kọ́ ni kí ẹ kọ sínú máàpù (fáìlì ẹ̀ka tí Ìyá Ìbejì júwe yẹn), ẹ kọ òfin owó náà sí i. Fún àpẹẹrẹ: "kọ́bọ̀ ni gbogbo owó inú kóòdù, ₦500 jẹ́ 50000." "Kádì kan, owó alájọ kan lóṣù, bí oníbàárà tilẹ̀ kó o láàárín oṣù." "Tírànsífà tí báǹkì kò tíì fèsì sí kì í ṣe tírànsífà tó kùnà. Béèrè ipò rẹ̀ kí o tó dá owó padà." Èyí tó kẹ́yìn yìí, ojú mi rí tó. Láti ọdún 2011 tí NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, ti gbé NIP, ètò tírànsífà wọn, dé tí owó ti ń lọ láti báǹkì sí báǹkì lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá ti dá owó padà kánmọ́kánmọ́ ti san án lẹ́ẹ̀mejì rí. Ejẹ́ǹtì tí kò mọ òfin yìí máa kọ kóòdù tó dùn-ún wò tó sì máa kó yín sí gbèsè.

Lórí "fee" yìí, ẹ wò ó, oríṣi mẹ́ta ló wà nínú òwò yín: owó tí báǹkì ń mú, ₦50 tí ìjọba fi lé tírànsífà tó bá tó ₦10,000, àti owó alájọ. Ọ̀nà ìṣírò wọn yàtọ̀, ẹni tó ni wọ́n yàtọ̀. Ẹni tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní fee ló dá ìjà sílẹ̀, ejẹ́ǹtì kàn wá bá a níbẹ̀ ni.

Ará_Peckham (1:20 ọ̀sán)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti London ni mò ń kọ̀wé, iṣẹ́ ìbánigbófò ni tiwa, COBOL, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́, pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

A ṣe máàpù ẹ̀ka òwò lọ́dún tó kọjá. Ó dára fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín fódà kan sí méjì, ẹnikẹ́ni ò sì rántí tún máàpù ṣe. Ejẹ́ǹtì lọ sí ibi tí máàpù júwe, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó bá dá fáìlì tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ti tẹ́lẹ̀! Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ní ọ̀nà méjì tí a ń gbà ṣírò owó kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yéké: máàpù tó ti gbó burú ju àìní máàpù lọ. Ẹni tí kò ní máàpù á máa rọra rìn, ẹni tó ní máàpù èké á máa sáré.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni kóòdù kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí ẹnì kan bá fẹ́ da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gbogbo ilé. Nǹkan méjì péré ló ń yẹ̀ wò. Ìkíní, gbogbo fáìlì tí máàpù dárúkọ, ṣé ó ṣì wà? Bí kò bá sí, iṣẹ́ náà ò ní wọlé, ó parí. Ìkejì, gbogbo ẹnu ọ̀nà tuntun, yálà API (ibi tí áàpù ti ń bá kóòdù sọ̀rọ̀) ni tàbí iṣẹ́ alẹ́, ṣé ó ní ẹ̀ka? Bí kò bá ní, ìkìlọ̀ lásán la fi ń ṣe é. A kọ́kọ́ fi ṣe dandan, àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ohun gbogbo sínú ẹ̀ka kan tí wọ́n pè ní "misc". Ẹ̀ka ààtàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ fi orúkọ àwọn tíìmù ṣe ẹ̀ka. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ ní 1968 pé ètò tí àwọn èèyàn bá ṣe máa ń jọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí tíìmù kò fi dára. Wọ́n tún tíìmù wa tò lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ìbánigbófò ọkọ̀ ṣì jẹ́ ìbánigbófò ọkọ̀.

Fáìlì kan lè wà ní ẹ̀ka méjì, ẹ má jà lé e lórí. A lo wákàtí mẹ́ta nínú ìpàdé kan lórí ẹni tó ni fáìlì déètì. Mi ò ní gba wákàtí yẹn padà mọ́.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù (3:45 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe ń rí, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ máàpù, ẹ ò tíì sọ bí ejẹ́ǹtì ṣe máa kà á.

Ọ̀nà tó rọrùn jù: ẹ fi ìlà mẹ́ta kan sínú AGENTS.md, fáìlì tí ejẹ́ǹtì ń kà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé "kí o tó wá ohunkóhun, ka eka.yaml." Bí máàpù yín bá kúrú, ìyẹn tó. Ẹ má kọ́ nǹkan mìíràn.

Bó bá ti gùn, ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí ejẹ́ǹtì lórí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ bá gùn, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń lo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ dáadáa ju àárín lọ. Nígbà tí tèmi gùn ni mo ṣe sáfà MCP kékeré kan. MCP ni ìlànà tí Anthropic gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 kí irinṣẹ́ kan lè bá oríṣiríṣi ejẹ́ǹtì ṣiṣẹ́. Orí kọ̀ǹpútà mi ló ti ń ṣiṣẹ́, kò lọ síbì kankan. Irinṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀:

wo_eka ń to orúkọ gbogbo ẹ̀ka, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
si_eka ń ṣí ẹ̀ka kan: ẹnu ọ̀nà, tébù, òfin, "má fi wé".
wa_oro ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà, ó ń sọ ẹ̀ka tó lè jẹ́.

Ìdáhùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn. Orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà ni kó dá padà, kì í ṣe odindi fáìlì. Ejẹ́ǹtì mọ fáìlì í ṣí fúnra rẹ̀. Tree-sitter, irinṣẹ́ tó mọ bí a ṣe to kóòdù, ni mo fi ń mọ ibi tí function kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, nítorí náà nọ́ńbà ìlà kì í gbó.

Ibi tí mo ti jẹ ìyà: Python. Mo rò pé language server (irinṣẹ́ tó mọ ibi tí kóòdù kan ti ń pe èkejì) máa sọ fún mi ẹni tó ń pe day_one rẹ, Ọmọ_Yewa. Ká ní o lo Celery, tó ń bá Python to iṣẹ́ sẹ́yìn, tí wọ́n fi orúkọ lásán pe iṣẹ́ náà bí ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò, kò sẹ́ni tó máa rí okùn náà. Signal inú Django, irinṣẹ́ Python fún wẹ́ẹ̀bù, náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn okùn tí kò hàn wọ̀nyí, ọwọ́ ni kí o fi kọ wọ́n sínú máàpù. Wọn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni owó máa ń bá lọ.

Ó kù kan. Àlàyé tí ẹ kọ sára irinṣẹ́ ló ń pinnu bóyá ejẹ́ǹtì máa lò ó. Mo kọ́kọ́ kọ "ń to ẹ̀ka òwò". Kò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta, grep ló ń lò. Mo yí i sí "lo èyí kí o tó fi grep wá nǹkan, bí ìbéèrè bá jẹ́ ti oníbàárà, owó tàbí kádì". Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń pè é. Mo sì ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi wá nǹkan tí kò rí èsì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń kà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, orúkọ tí máàpù mi kò tíì ní ni.

Àmì_Ohùn (5:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá sínú YAML, ẹ dúró ná. Mo rí i pé Ìyá Ìbejì kọ "owo-alajo" láìsí àmì. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní ju ọ̀nà kan lọ tó ń gbà tọ́jú "ọ́". Fóònù kan lè kọ ọ tó ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá fi àmì ohùn lé e. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn á kọ o lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, á tún fi ti òkè sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú grep, ọ̀rọ̀ méjì ni. Nítorí náà, kí wa_oro yín sọ méjèèjì di oríṣi kan náà, NFC (àmì lẹ̀ mọ́ lẹ́tà níbi tó bá ṣeé ṣe) tàbí NFD (àmì dá dúró), ẹ mú ọ̀kan, kó tó fi wọ́n wéra. Bí ẹ bá fẹ́ kó gba ti àwọn tí kì í fi àmì kọ̀wé, ẹ tún yọ gbogbo àmì kúrò lápá méjèèjì.

Ewu wà nínú yíyọ yẹn náà o. Àjọ di ajo. Àjò náà di ajo.

Ọmọ_Yewa (5:09 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ò ní gbà gbọ́. A ní plan kan tí èèyàn fi ń tọ́jú owó ìrìn àjò. ajo_trip ni fódà rẹ̀. Ejẹ́ǹtì ti ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Mo ń wò ó pé kí ló ń wá kiri níbẹ̀!

Àmì_Ohùn (5:11 ìrọ̀lẹ́)

😂 "Má fi wé" ti rí iṣẹ́ ṣe.

Grep_Ti_Tó (8:30 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò tíì jọ̀wọ́ ara mi, ṣùgbọ́n ẹ gba nǹkan méjì lọ́wọ́ mi.

Ẹ má fi orí nìkan ronú ẹ̀ka. Git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, mọ ohun tó ń bá ara wọn rìn. Ẹ fi git log --name-only wo fáìlì tó máa ń yí padà nínú commit (àtúnṣe tí a fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan) kan náà. Mo ṣe é lórí repo tiwa lálẹ́ yìí kí n lè fi já yín nírọ́, mo bá rí i pé fáìlì ìsanwó kan àti fáìlì lẹ́tà ímeèlì kan kì í fi ara wọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí import kankan (ìlà tí fáìlì kan fi ń pe èkejì) láàárín wọn. Nítorí rísíìtì ni. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣáà yọ àwọn commit tó fọwọ́ kan fáìlì rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí ẹnì kan kàn tún gbogbo ilé tò, torí wọ́n á mú kí ohun gbogbo dà bí ìbátan.

Èkejì, ẹ fi hàn mí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ẹ̀sùn mẹ́wàá tí ẹ ti yanjú, tí ẹ mọ fáìlì tí ẹ fi yanjú wọn. Ẹ dá repo padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ejẹ́ǹtì má baà rí ìdáhùn nínú git log. Ẹ bi í pé fáìlì wo ló kàn. Lẹ́ẹ̀kan láìsí máàpù, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú máàpù. Ẹ kà á. Ẹni tí kò bá tíì ṣe èyí, ìtàn ló ń sọ fún wa.

Ìyá_Ìbejì_Dev (8:41 alẹ́)

Àbúrò mi yìí, orí rẹ pé. Gba omi tútù.

Aṣọ́gbà (9:15 alẹ́)

Kékeré ni tèmi. Nígbà tí ẹ bá ń kọ àpẹẹrẹ sínú máàpù, ẹ má lọ ṣe àdàkọ ẹ̀sùn oníbàárà tòótọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti BVN rẹ̀. Máàpù wà nínú repo, repo wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo yín, ejẹ́ǹtì sì ń fi í ránṣẹ́ síta. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà. Ẹ wá nọ́ńbà 11 tó tẹ̀ léra nínú fáìlì náà kí ẹ tó tì í wọlé, ìlà regex (àpẹẹrẹ tí a fi ń wá ọ̀rọ̀) kan ti tó.

Ọmọ_Yewa (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:20 àárọ̀)

Ẹ kú ìsinmi o. Mo padà dé pẹ̀lú ìròyìn.

Ẹ̀ka mẹ́sàn-án ni mo ní báyìí. Èèyàn méjì ló ràn mí lọ́wọ́: akọ̀wé owó wa tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Màmá Àkáǹtì, àti ọmọbìnrin kan tó ń gbé fóònù oníbàárà. Ìjókòó àkọ́kọ́ ló ti tú àṣírí mi. Mo ti kọ "contribution" àti "payout". Màmá ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ó dá a" ni wọ́n ń sọ, "ó kó o" ni wọ́n ń sọ. Bí mo ṣe wọ inú kóòdù wá "dá" báyìí, mo rí orúkọ mẹ́ta: contribution, deposit, topup. Ẹni mẹ́ta ló kọ wọ́n, ní ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Kó" ní mẹ́rin. Gbogbo wọn ti wà lábẹ́ "orúkọ rẹ̀ nínú kóòdù" báyìí.

Mi ò ṣe MCP. AGENTS.md àti YAML ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ ṣe wí. Kóòdù ayẹ̀wò Ará_Peckham náà wà níbẹ̀, ó sì ti dá ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn díẹ̀, ẹ má sọ fún un.

Mo ṣe ìdánwò Grep_Ti_Tó. Ẹ̀sùn mẹ́wàá. Láìsí máàpù, mẹ́ta ni ejẹ́ǹtì mú fáìlì tó tọ́ fún. Pẹ̀lú máàpù, mẹ́jọ. Ti owó alájọ wà nínú mẹ́jọ yẹn, tààrà ló lọ sí day_one.py, kò tilẹ̀ wo fees.

Nínú méjì tó kù, ẹ̀bi mi ni ọ̀kan, àlàyé tí mo kọ kò yé èmi fúnra mi. Ìkejì ni ẹ máa fi rẹ́rìn-ín. Nínú kóòdù wa, àwọn àtijọ́ pe alájọ ní agent. Mo kọ ọ́ sínú máàpù pé "agent kò gbọdọ̀ yí iye owó padà lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́." Ejẹ́ǹtì AI rò pé òun ni mò ń bá wí. Ó kọ̀ jálẹ̀, kò fọwọ́ kan ìlà kankan tó ní owó nínú, ó ń bẹ̀ mí pé òun ò ní àṣẹ. Mo ti yí i sí "alajo" níbi gbogbo nínú máàpù.

Ọ̀gá_Tébù (10:45 àárọ̀)

Ó gbọ́ràn ju àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ.

Trigger ńkọ́? O yẹ̀ wọ́n wò?

Ọmọ_Yewa (11:02 àárọ̀)

Mo yẹ̀ wọ́n wò, sà. Méjì ló wà, ọ̀kan nínú wọn ló ń tún iye orí kádì ṣírò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo wa. Mo ti kó wọn wá sínú repo.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò rí ojútùú rẹ̀. Bí Màmá Àkáǹtì ṣe ń dìde lọ lánàá, ó bojú wo ìwé mi, ó ní, "Kádì òkú dà?" Mo ní kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní kádì ẹni tí kò dá a mọ́ fún oṣù mẹ́ta, tí owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí kò wá kó o. Ó ní òun ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, láti ọdún kẹrin.

Grep_Ti_Tó (11:06 àárọ̀)

Kí ló ń jẹ́ nínú kóòdù?

Ọmọ_Yewa (11:31 àárọ̀)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. status = 7.